Ọ̀wẹ̀ Ìdí Ààrò

N kò fẹ́ràn kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ owó dà mí láàmú láàárọ̀ kùtù, ṣùgbọ́n akápò ilé-ìwé tí mo ń kó búrẹ́dì fún kò bìkítà. Ìdí ààrò mi níbí, ní Ọ̀mù-Àrán, ló wá bá mi. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá fẹ́ máa bá àwọn ṣòwò gbọ́dọ̀ máa san ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà tí ìjọba là kalẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lóṣù. Òun fúnra rẹ̀ yóò padà wá wò ó.

Òfin náà dára lójú mi. Ta ni yóò ní kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí iná má jẹun yó? Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ márùn-ún ni mo ní, fùláwà sì ń gbówó lérí lójoojúmọ́. Bó ti wù kí n ṣírò ó tó, agbára mi kò kọjá ènìyàn mẹ́rin. Bí ilé-ìwé yẹn bá sì fi mí sílẹ̀, gbogbo wa la ó lọ jókòó sílé.

Ẹni karùn-ún ni Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì tó ń dáná. Àwọn ló kọ́ Ọlábọ̀wálé, ọkọ mi tó ti di olóògbé, níṣẹ́ búrẹ́dì. Títí dòní, ìyàwó ni wọ́n ń pè mí. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè gbé àpò fùláwà mọ́.

Mo jókòó tì wọ́n nírọ̀lẹ́.

“Bàbá, n kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́.”

“Má sọ ọ́, ìyàwó. Mo gbọ́ ohun tí akápò wí. Àwọn ọ̀dọ́ ló yẹ kó kù. Ọlọ́run á bù kún un.”

Wọ́n ká àkísà tí wọ́n fi ń di irin ààrò mú, wọ́n ki í bọ àpò, wọ́n lọ sílé. Mo sunkún, n kò ní purọ́.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, èéfín ti ń yọ. Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì ló jókòó sídìí iná.

“Bàbá, kí lẹ wá ṣe?”

“Ọ̀wẹ̀ ni mo wá ṣe.”

“Ọ̀wẹ̀ wo? Ta ló bẹ̀ yín?”

“Èmi ni mo bẹ ara mi. Ṣebí wọn kì í sanwó fún ẹni tó wá ṣe ọ̀wẹ̀? Kí wá ni akápò fẹ́ wí?”

Inú bí mi. Mo ní kí wọ́n máa lọ sílé. Wọn ò tilẹ̀ wojú mi, wọ́n ń ki igi bọná. A kì í sì í lé ẹni tó wá ṣe ọ̀wẹ̀, oúnjẹ là ń fún un. Ni mo bá lọ se ìrẹsì. Bàbá ṣí abọ́, wọ́n wò ó títí.

“Ìyàwó, ọ̀wẹ̀ wo ni wọ́n ń fi ìrẹsì ṣe?”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gúnyán láàárọ̀ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

Akápò padà dé lóòótọ́. Ó bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè, gbogbo wọn ní owó àwọn pé. Ló bá nàka sídìí ààrò.

“Bàbá yìí ńkọ́?”

“Èmi ò sí lára wọn o,” ni Bàbá yára dáhùn. “Ọ̀wẹ̀ ni mo wá bá ìyàwó mi ṣe.”

Akápò rẹ́rìn-ín, ó ń lọ. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mo wo àgbàlagbà yìí tí òógùn ń dà lójú wọn nítorí tèmi, ojú sì tì mí.

“Ọ̀gá, ẹ dúró,” mo ní. “Òṣìṣẹ́ mi ni wọ́n. Kí oṣù yìí tó parí, màá san tiwọn náà pé.”

Mọ́tò tí ọkọ mi fi ń kó búrẹ́dì ni mo tà. Ó dùn mí wọra. Ọlọ́kadà ló ń bá wa kó o báyìí. Mo sì fi díẹ̀ lé owó búrẹ́dì. Àwọn oníbàárà bú mi, wọ́n sì ń rà á. Nígbà tí mo gbé owó fún Bàbá, wọ́n ní àwọn kò gba owó ọ̀wẹ̀.

“Òfin ò mọ ọ̀wẹ̀, Bàbá. Ẹ gbà á.”

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ní Sátidé, mo ti ilé búrẹ́dì pa. Èmi àti àwọn mẹ́rin yòókù gbé ọkọ́, ó di oko Bàbá lójú ọ̀nà Èsìẹ́. Koríko ti bo gbogbo rẹ̀. Ìdí ààrò mi ni kò jẹ́ kí wọ́n ráyè oko. Bàbá jáde nínú abà, ẹnu yà wọ́n.

“Ìyàwó, kí lẹ wá ṣe?”

“Ọ̀wẹ̀ ni,” mo ní. “Mo ti san ti ìjọba. Tiyín ló kù.”

Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì yí ẹ̀yìn sí wa, wọ́n fi àkísà ìdí ààrò nu ojú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pariwo pe ìyá ilé wọn nínú abà pé kí wọ́n gbé iṣu kaná.