Abúlé Tó Ń Rìn Lórí Òkun

Torleif ni awakọ̀ hẹlikọ́pítà wa ní etíkun àríwá Nọ́wè, èmi ni mo máa ń tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ẹni tó lè bá a fi bàálù wíwà ṣeré. Ìgbà òtútù ló fẹ́ pa á.

Bàbá Hallstein, ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé díẹ̀, fẹ́ gbé opó kan, Solbjørg, níyàwó ní erékùṣù tó wà lódìkejì òkun. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kú lọ́jọ́ ìgbéyàwó gan-an, pásítọ̀ sì ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Pásítọ̀ ọ̀hún, Ìyá Gunnvor, wọlé tọ̀ wá pẹ̀lú aṣọ ìsìn lọ́rùn àti ife kọfí lọ́wọ́.

"Torleif, gbéra ńlẹ̀, ká máa lọ. Ọkọ ìyàwó ti wọ bàtà."

Mo ní, "Ọ̀gá, ìkùukùu ti bo òṣùpá o. Ẹ ò ní rí nǹkan kan."

"Ọ̀sán la wà yìí," ni Torleif fi dá mi lóhùn.

Òótọ́ ni, ọ̀sán ni. Ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá ni, oòrùn kì í yọ lọ́dọ̀ wa nínú oṣù náà. Ọ̀sán gangan dúdú bí ìdí ìkòkò.

Èyí tó kù, ẹnu Ìyá Gunnvor ni mo ti gbọ́ ọ. Torleif jókòó níbẹ̀, kò jiyàn.

Bí iná ìlú wa ṣe di ẹ̀yìn wọn tán, iwájú di òkùnkùn biribiri. Òkun dúdú, ọ̀run dúdú, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti pààlà. Nígbà tó yá, Torleif rí iná mélòó kan lápá ọ̀tún. "Erékùṣù nìyẹn!" Ó kọrí síbẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sún mọ́ ọn ni iná náà ń yẹra. Ó pe Bàbá Hallstein lórí rédíò.

"Bàbá, ẹ má bínú, abúlé yín ń rìn."

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń rìn, bàbá. Ó ti forí lé ìwọ̀ oòrùn."

"Ọmọ yìí, abúlé yìí ni wọ́n bí bàbá bàbá mi sí. Kò lọ síbì kankan rí. Dúró, jẹ́ n yọjú wò ó." Bàbá jáde lóòótọ́, ó sì padà wá. "Ilé mi wà níbẹ̀. Ti aládùúgbò mi náà wà níbẹ̀. Níbo nìwọ wà?"

Ohùn kẹta já lu ọ̀rọ̀ wọn, ohùn apẹja tí inú ń bí: "Abúlé bàbá ta ni? Ọkọ̀ ẹja mi nìyí! Bó o bá bà lé àwọ̀n mi, màá fi ọ́ ṣe ìjẹ!"

Ẹ̀rù ba Torleif, ó yà bàrá, ó fa ọkọ̀ sókè. Iná apẹja pòórá, òkùnkùn tún gbé wọn mì. Ibẹ̀ ni ewu gan-an wà. Gbogbo ara Torleif ń sọ fún un pé tààrà làwọn ń lọ. Aago iwájú rẹ̀, èyí tó ń fi hàn bóyá ọkọ̀ tẹ́jú tàbí ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ní rárá o, ẹ ti dà sápá òsì.

"Aago yìí ti bàjẹ́," ni Torleif wí.

Ìyá Gunnvor gbé ife sókè. "Ó ti bàjẹ́ ni. Wo kọfí mi, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ká ní a dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣé kò ní dà sí mi lára?"

"Ohun tí ìdí mi náà ń sọ nìyẹn."

"Ọdún mélòó lo ti fi ń jókòó lórí ìdí yẹn?"

"Mẹ́rìndínláàádọ́ta."

"Aago ńkọ́?"

"Èṣí ni wọ́n fi sí i."

"Àgbà ni kó o gbọ́ràn sí lẹ́nu."

Ṣùgbọ́n Torleif wo aago kejì, èyí tó ń sọ bí wọ́n ṣe ga tó lójú omi. Ó ń já wálẹ̀ fìà. Ó wá rántí omi inú garawa tí ọmọdé bá ń fì yípo: kì í dà, bí garawa tilẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìyá, kọfí yín ń purọ́!"

"Kọfí kì í purọ́!"

"Ó ń purọ́! Ìdí mi náà ń purọ́!"

Ó di ojú inú rẹ̀, ó ṣe ohun tí aago wí, ó fa ọkọ̀ sọ́tùn-ún. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló dà bíi pé wọ́n ń dojú dé. Ìyá Gunnvor di nǹkan tọ́wọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà mú, bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn jáde lórí rédíò ni. Ó fẹ́ gbàdúrà, àdúrà kò wá. Ìsìn ìgbéyàwó nìkan ló wá sí i lẹ́nu.

"Ṣé o gbà láti fẹ́ ẹni yìí," ló ń ké, "nígbà dídùn àti nígbà kíkan?"

"Mo gbà!" ni Bàbá Hallstein dáhùn láti erékùṣù.

"Ẹ kú oríire o," ni apẹja wí.

Torleif ò wo ìta mọ́. Aago nìkan ló ń wò, òógùn bò ó, títí ọkọ̀ fi tọ́, tó fi gun òkè, tó ṣẹ́rí padà sílé, tí iná pápákọ̀ wa fi yọ. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ńṣe ló ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ kan bí akàn, ó sì forí sọ ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ nàró." Ó ní òun nàró, ilẹ̀ ló wọ́.

Lórí rédíò, Bàbá Hallstein ní òun ti gbéyàwó nìyẹn, kó má sẹ́ni tó yọ òun lẹ́nu mọ́. Ìyàwó gba rédíò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ilé ìdáná ni mo wà ní tèmi," ni Solbjørg wí. "Èmi ò gbà nǹkan kan. Ẹni tó bá gbà, kó lọ fẹ́ apẹja."

Nígbà tí wọ́n tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, gbogbo wa la jọ wọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀, Torleif náà, ó ń bì lójú ọ̀nà. Solbjørg gbà lọ́jọ́ náà, ó sì pariwo rẹ̀ débi tí àwọn ẹyẹ òkun fi fò kúrò lórí òrùlé.