Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Oyèrónkẹ́ Ò Dárúkọ

Ọjọ́ ìdúpẹ́ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oyèrónkẹ́, nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Conyers ní Amẹ́ríkà, ti jó títí aṣọ rẹ̀ fi rin fún òógùn. Pẹ̀lúmi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ríṣẹ́ ńlá. Ẹ̀rọ ọsibítù ló ń tún ṣe, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti gbé e lọ sí Nairobi, ibẹ̀ ló ti ń wọ bàálù kiri Áfíríkà. Ta ni ò ní jó?

Ohun kan ni ìyá yìí ò sọ níwájú ìjọ. Community college, ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì, ni Pẹ̀lúmi ti kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ náà kó tó kọjá sí yunifásítì. Lójú Oyèrónkẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olódo ni. Ní gbogbo ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọmọ, "Ó wà ní school" ni yóò sọ, yóò sì yáa yí ọ̀rọ̀ sórí òjò. Àgbàlagbà o!

Wọ́n jáde sí parking lot. Fúnkẹ́, ọmọ ìjọ wọn kan, dé, ó fa ọmọ rẹ̀ obìnrin, Hephzibah, lọ́wọ́. Yunifásítì tí ọmọ náà fẹ́ kò gbà á. Ó ní òun ò lọ sí community college kí wọ́n má bàa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, warehouse lòun máa lọ ṣiṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oríire o," ni Fúnkẹ́ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Hephzi. Níbo ni Pẹ̀lúmi ti bẹ̀rẹ̀?"

Oyèrónkẹ́ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyàwó pásítọ̀ wà nítòsí, ó ń gbé kúlà sínú ọkọ̀.

"Yunifásítì ló wọ̀ tààrà. Ògo ni fún Ọlọ́run."

Hephzibah wo ìyá rẹ̀. "You see, Mummy? Mo sọ fún yín." Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó wọnú mọ́tò, ó pa ilẹ̀kùn dé gbà.

Fúnkẹ́ ò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi àti Pẹ̀lúmi la jọ wà ní community college. Nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, òun ló ń kọ́ mi ní ìṣirò. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí yín. Mo ti sọ fún ọmọ mi, ó ní mo kàn ń tan òun ni. Mo ní kó wá gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Yéè! Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Ojú ti Oyèrónkẹ́ débi pé kò lè gbórí sókè. Ọmọ ẹni ń ṣe dáadáa, ìyá rẹ̀ ń fi í pamọ́ bí ẹni jí i gbé!

Ó lọ síbi mọ́tò, ó kan gíláàsì. AC ń ṣiṣẹ́, orin ń dún. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ọmọ ò gbọ́. Ó tún un sọ, kò gbọ́. Ó di dandan kó pariwo.

"Community college ni Pẹ̀lúmi ti bẹ̀rẹ̀! Irọ́ ni mo pa!"

Ìyàwó pásítọ̀ gbé kúlà sílẹ̀. Àwọn tó ń ya fọ́tò yíjú padà. Hephzibah sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀, omi wà lójú rẹ̀.

"Aunty, why? Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Kò burú, ọmọ mi. Ojú ló ń tì mí."

"Sister Pẹ̀lúmi ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀ pé nítorí wọn lojú ṣe ń tì yín?"

Oyèrónkẹ́ fẹ́ ní rárá. Ó rántí ọ̀rọ̀ Fúnkẹ́.

"Ó mọ̀," ló sọ. "Ó ti mọ̀ tipẹ́."