Jórinjórin Di Onídìrí

Ìyá Ìbejì onídìrí gun àga kó lè nu dígí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àga yẹ̀, ó sì fi èjìká ọ̀tún balẹ̀. Eegun tó so àyà mọ́ èjìká kán sí méjì.

Dókítà fi àwòrán eegun náà han òun àti ọkọ rẹ̀. Ó ní ibi tó kán ti jìnnà síra, àfi kí òun ṣiṣẹ́ abẹ, kí òun fi irin pẹlẹbẹ dè é pọ̀. Iṣẹ́ jórinjórin ni ọkọ ń ṣe. Ó na ọrùn wo àwòrán náà.

"Dókítà, ṣé irin yìí ò ní dípẹtà?"

"Kò ní dípẹtà, bàbá."

"Bàbá Ìbejì," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn."

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ kọjá èjìká títí eegun yóò fi jọ. Ọkọ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń wọṣọ fún un. Ọ̀rọ̀ irun orí rẹ̀ ló ń dùn ún jù. Irun ti dàrú bí ìtẹ́ ẹyẹ, ojú sì ń tì í láti pe onídìrí míràn. Àwọn ìbejì ti relé ọkọ, ọ̀nà wọn jìn.

"Jókòó," ọkọ rẹ̀ wí, ó mú ìyarun dání.

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Ìwọ máa sọ, èmi á máa dì í."

Ó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. "Ẹ pín in sí mẹ́ta. Ẹ máa mú díẹ̀díẹ̀ kún un. Ẹ rọra, orí èèyàn ni, kì í ṣe géètì."

Ọkùnrin náà ń mí gúlegúle bí ẹni tó ru sìmẹ́ńtì. Nígbà tó parí, ìyàwó wo dígí. Ìlà kan fẹ̀ bí ọ̀nà mọ́tò, èkejì tín-ín-rín bí òwú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ òsì di èjìká mú.

"Ṣé ká tú u?"

"Ẹni tó bá tú u, èmi àti ẹ̀ ni."

Bẹ́ẹ̀ ló gbé e lọ sílé ìwòsàn, kò wé gèlè. Nọ́ọ̀sì bi í pé ta ló dirí yìí. "Ọkọ mi ni," ló wí, ó gbé àgbọ̀n sókè.

Nígbà tí eegun bẹ̀rẹ̀ sí í jọ, wọ́n kọ́ ọ bó ṣe máa fi ìka gun ògiri. Ibi tí ìka bá dé, ọkọ a fi ṣọ́ọ̀kì fàlà síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ kọjá orí, ọkùnrin náà ń nu ojú, ó ní èéfín irin ni.

Ìyá Ìbejì ti padà sí ṣọ́ọ̀bù báyìí, ó ń dirí fún oníbàárà. Tó bá kan orí tirẹ̀, ilé ló ń gbé e lọ.