Apá Òsì Kejì

Ní ọdún tí ìjọba fi owó Údójì kún owó-oṣù, kò sí ilé olówó-oṣù kan ní Ìkọ̀tún tí nǹkan tuntun kò wọ̀. Ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ rà á. Ẹni tó ra rédíò gbé e sójú fèrèsé, kí àwọn tó ń kọjá lè mọ̀ pé Olúwa ti ṣe é. Ilésanmí, tíṣà ọmọ Èkìtì, ra àga onítìmùtìmù mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló wọ ọkọ̀ ní Ìyànà Ìpájà, ó lọ sí Èkó, ó wọ ilé ìtajà ńlá kan, ó sì ra gáùn kan bọ̀ fún Ìbíyẹmí ìyàwó rẹ̀.

Gáùn náà dára. Àwọ̀ rẹ̀ búlúù bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò, ó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, síìpù rẹ̀ sì wà lẹ́yìn. Ilésanmí tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tẹ́ ọmọ tuntun.

Ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́wọ́ lé mi lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì, èyí ni wàá wọ̀. Bí mo ṣe rí i báyìí ni mo ti rí ọ nínú rẹ̀."

Ìjọ wọn ti dárúkọ rẹ̀ láti di alàgbà, lẹ́yìn Àjíǹde ni wọn yóò sì fi í jẹ ẹ́. Inú Ìbíyẹmí dùn sí i ju inú ọkọ lọ. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. Ó wá dúró kí Ilésanmí lọ sílé ẹ̀kọ́ kó tó ti ilẹ̀kùn, kó tó wọ gáùn wò.

Gáùn gba orí, ó gba èjìká, ó dé ìbàdí, ó dúró. Ìbíyẹmí fa inú wọlé, ó tún fà á, síìpù kò mira.

Aránṣọ ni Ìbíyẹmí. Iwájú ilé náà ló gbé máṣìnnì rẹ̀ sí, kò sì sí obìnrin tó lè ya ibẹ̀ tí Ìbíyẹmí kò ní fi ojú lásán wọn ìbàdí rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló mọ bí àlàfo náà ṣe fẹ̀ tó. Ó yí inú gáùn síta, bóyá ẹni tó rán an fi díẹ̀ sílẹ̀ ní etí tí òun lè tú. Ahun ni ẹni náà, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ká ní gáùn oníbàárà ni, ẹ̀rín ni ì bá fi rín, ì bá ní, "Ẹ má dààmú, ẹ jẹ́ ká fi aṣọ lé e ní ẹ̀gbẹ́." Ṣùgbọ́n abẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ohun tó dì í lọ́wọ́ ni èyí: ó rò pé Ìbíyẹmí tí Ilésanmí fẹ́ sílé nígbà tí kò tíì bí ọmọ kankan ni gáùn náà wà fún, ẹni tó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìgbálẹ̀. Ẹni yẹn ló ṣì wà lójú ọkọ. Bí òun bá sọ pé gáùn kò gba òun, yóò mọ̀ pé ẹni yẹn ti lọ. Ó pinnu láti lọ mú un padà wá.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tíì tí kò ní ṣúgà ní àárọ̀, ọsàn kan ní ìyálẹ̀ta, ẹ̀kọ mímu díẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Bí ó bá bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ, á ní òun ti jẹ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ béèrè, ẹnu rẹ̀ dá a lóhùn kí ọkàn rẹ̀ tó rò ó: "Àwẹ̀ ni mò ń gbà, Bàbá Báyọ̀dé. Nítorí iṣẹ́ Olúwa tí wọ́n fẹ́ gbé lé yín lọ́wọ́ ni."

Ojú Ilésanmí rọ̀. Ó ní, "Olúwa yóò gbọ́ tìrẹ, ìyàwó mi." Láti ọjọ́ náà ni àdúrà ti ń wúwo lẹ́nu Ìbíyẹmí. Bí ó bá kúnlẹ̀, ó ń ṣe é bí ẹni pé Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ń wo ìkòkò ọbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbàdí náà fọn lóòótọ́, síìpù sì gun òkè díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbàdí nìkan ló ń lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ jìn, egungun ọrùn yọ síta, irun bẹ̀rẹ̀ sí bá òòyà lọ. Nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn ewúrẹ́ ń sá fún oòrùn, otútù ń mú un, ó ń wọ súwẹ́tà ọkọ rẹ̀ nídìí máṣìnnì. Bí ó bá dìde lójijì, òòyì á kọ́ ọ. Ó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ lórí ohun tí kò tó nǹkan, lẹ́yìn náà á bú sẹ́kún. Orin tó máa ń kọ bó bá ń ránṣọ pàápàá dákẹ́, nítorí èémí kò gbé e dé òpin ẹsẹ kan.

Àdíját, Ìyá Ràímì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé yàrá kejì, ni ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dàgbà ju Ìbíyẹmí lọ, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n.

"Ìyá Báyọ̀dé, wá, àbí oyún ni?"

"Rárá o, Ìyá Ràímì."

"Àìsàn ńkọ́?"

"Ara mi le, ẹ ṣeun."

Àdíját yọjú wo inú pálọ̀, ó wo àga tuntun mẹ́rin, ó sì pòṣé. "Mo ti rí i. Àga ń wú bí búrẹ́dì, ìyàwó ń gbẹ bí ẹja orí ààrò. Ṣé owó oúnjẹ ni tíṣà fi ra tìmùtìmù ni?"

Ìbíyẹmí rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sọ bó ṣe jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a kò bá là fún aládùúgbò, á là á fún ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí abọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí wọlé: mọ́ínmọ́ín láti yàrá kejì, ìrẹsì láti ilé iwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́ àti "ẹ fi pa ẹnu dà". Àwọn ọmọ ń jẹ ẹ́. Ilésanmí ń wò. Kò mọ ìdí tí abọ́ wọ̀nyí fi ń wá, ṣùgbọ́n ó fi kún owó ọbẹ̀, ó sì ń ra ẹyin bọ̀ láti Ìṣẹ̀rí. Ẹyin ń pọ̀ nínú agbọ̀n.

Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ ló ń rán aṣọ oyè ọkọ rẹ̀, aṣọ funfun kan tó ń dán lójú kan tí kò dán lójú kejì. Ó ti rán ara aṣọ náà tán, ó ku apá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọsàn rẹ̀ kan ṣoṣo ti dà nínú rẹ̀, ó tẹ́ èyí tó kù sórí tábìlì, ó fi àlùmọ́gàjí gé apá méjèèjì. Nígbà tó gbé wọn sókè láti so wọ́n mọ́ èjìká, ó wò wọ́n, ó yí wọn padà, ó tún wò wọ́n. Apá òsì ni méjèèjì. Òun tó lè gé apá aṣọ nínú òkùnkùn ti gé apá òsì méjì fún alàgbà Ọlọ́run, aṣọ kò sì kù. Ó ká apá òsì kejì, ó tì í sábẹ́ máṣìnnì, ó sì jókòó, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì bí ẹni pé ó sáré ti Ìgàndó bọ̀.

Àṣà ìjọ wọn ni pé kí wọ́n tó fi ènìyàn jẹ alàgbà, àwọn àgbà yóò wá sí ilé rẹ̀, wọn yóò bá a jẹun, tọkọtìyàwó ni yóò sì bá wọn jókòó. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ tábìlì ènìyàn mọ àdúrà rẹ̀. Bàbá Abraham, olórí alàgbà, ló wá, àti Nọ́ọ̀sì Agnes tó ń gbẹ̀bí ní Ìgàndó, ẹni tí gbogbo ìjọ ń pè ní Màmá.

Wọ́n kí ara wọn, wọ́n jókòó sínú àga tuntun. Bàbá Abraham wo Ìbíyẹmí bó ṣe ń gbé omi ìfọwọ́ bọ̀, wọn kò tètè mú ojú kúrò.

"Tíṣà," ni wọ́n wí, "ohùn kan ti dé etí wa láàárín ìlú. A kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú wa ti wá..."

Abọ́ omi já bọ́ gbàà sílẹ̀. Ìbíyẹmí rí i tí pálọ̀ yí, tí àga mẹ́rin di mẹ́jọ, kò sì mọ nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí ojú rẹ̀ là, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà. Nọ́ọ̀sì Agnes di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, Àdíját sì ń fi ṣíbí fún un ní omi ṣúgà.

"Kí lo jẹ lónìí?" Nọ́ọ̀sì béèrè.

"Tíì, Màmá."

"Lánàá ńkọ́? Nǹkan oṣù rẹ ńkọ́, ó ń wá?"

Ìbíyẹmí mi orí. Kò wá mọ́ láti ìgbà díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wo gáùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára ògiri, ọ̀rọ̀ náà yé wọn, wọn kò sì bá a wí. Wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ka ìwé fún ọmọ. "Bí èèyàn bá fẹ́ fúyẹ́, kò burú. Ó lè dín òróró kù, kó jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kó máa fẹsẹ̀ rìn, kó sì ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ara tí a fi ebi pa kò mọ̀ pé gáùn là ń bá dù ú. Ìyàn ló rò pé ó mú. Ó jẹ ọ̀rá tán, ó kọjú sí ẹran ara. Èyí tó ń lù láyà rẹ yìí, ẹran ni òun náà. Ebi kì í yà á sọ́tọ̀. Ilé tí Olúwa fún wa gbé, a kì í wó ògiri rẹ̀ nítorí pé a fẹ́ kí ó kéré."

Ìbíyẹmí kò tíì dá wọn lóhùn nígbà tí ohùn Bàbá Abraham wọlé láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì: "Tíṣà, kí á dá ọ̀rọ̀ oyè yìí dúró ná. Ẹni tí kò bọ́ ilé rẹ̀, báwo ni yóò ṣe bọ́ ìjọ?"

Ìbíyẹmí retí kí ọkọ rẹ̀ ka owó ọbẹ̀ sílẹ̀, kó tọ́ka sí agbọ̀n ẹyin. Ohun tó gbọ́ ni, "Òótọ́ ni, Bàbá. Ìyàwó mi ń rù lójú mi, ó ní àwẹ̀ ni, n kò sì wádìí ju ìyẹn lọ. Kò yẹ kí n jẹ ẹ́."

Ìyẹn ló gbé Ìbíyẹmí dìde. Àdíját di apá rẹ̀ mú, wọ́n jọ jáde sí pálọ̀.

"Bàbá," ló wí, "ọkọ mi kò fi ebi pa mí. Èmi ni mo fi ebi pa ara mi. Àwẹ̀ tí mo ní mò ń gbà, irọ́ ni, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Gáùn tó rà fún mi kò gbà mí ni. Mo rò pé irú èyí tí mo jẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ń fẹ́."

Gbogbo wọn yí sí Ilésanmí.

"Ọmọbìnrin ilé ìtajà bi mí ní nọ́ńbà rẹ. N kò mọ̀ pé èèyàn máa ń ní nọ́ńbà. Ó ní kí n júwe ìbàdí rẹ. Ojú tì mí, mo ṣáà jẹ́ Kristẹni. Mo wá nawọ́ sí ère onígi tí wọ́n wọ aṣọ fún lójú fèrèsé, mo ní kí ó bọ́ tìyẹn fún mi. Mo rò pé aṣọ náà á mọ bó ṣe máa ṣe."

Àdíját pàtẹ́wọ́.

"Ère," ni Àdíját wí. "Ère tí kò ní ìfun, tí kò bímọ, tí kò wa máṣìnnì. Òun lo fẹ́ bá dọ́gba, Ìyá Báyọ̀dé."

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín mú Bàbá Abraham débi tí wọ́n fi bọ́ fìlà nu ojú. Wọ́n wá ní, "Èmi náà jẹ̀bi. Mo fi egungun ọrùn ìyàwó dá ọkọ lẹ́jọ́. Tíṣà, ẹ forí jì mí. Ẹni tó gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ nítorí ìyàwó rẹ̀, ìjọ ń wá irú rẹ̀."

Ilésanmí ti dìde. "Ẹ jẹ́ kí n gún iyán fún un."

"Ẹ fi odó sílẹ̀, tíṣà," Nọ́ọ̀sì Agnes wí. "Inú tó ti sófo tó báyìí, díẹ̀díẹ̀ la fi ń kún un. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lónìí. Iyán á dúró dè é."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jókòó. Ìbíyẹmí jẹ mọ́ínmọ́ín Àdíját lójú àwọn àgbà, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Ó pẹ́ kí okun rẹ̀ tó padà, irun rẹ̀ sì pẹ́ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan oṣù padà, orin padà sídìí máṣìnnì, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà Ìṣẹ̀rí pẹ̀lú Àdíját ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹran ara ti ń padà, síìpù ń sọ̀ kalẹ̀. Ní ọjọ́ tó débi tó ti bẹ̀rẹ̀, Ìbíyẹmí kò sunkún. Ó fa apá òsì kejì yọ lábẹ́ máṣìnnì, ó gé e sí méjì ní òòró, ó tú ẹ̀gbẹ́ gáùn láti abíyá dé ìbàdí, ó sì fi funfun náà lé e lọ́tùn-ún lósì. Ilésanmí ti ra aṣọ díẹ̀ bọ̀ láti Ìyànà Ìpájà fún apá ọ̀tún.

Ní ọjọ́ ìgbọ́wọ́lé, àwọn obìnrin ìjọ kò jẹ́ kó wọlé bọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń ta irú gáùn bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá sí iwájú ilé òun lọ́jọ́ Ajé.

Nígbà tí ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ níwájú pẹpẹ, funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan funfun aṣọ oyè, a kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Bàbá Abraham ń bọ̀ wá gbọ́wọ́ lé wọn lórí. Ilésanmí tẹ orí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ṣé o jẹun ká tó jáde?"

"Mo jẹ ẹ̀wà."

"Ó tó ọ?"

"Ó tó, ó tún kù sínú ìkòkò," Ìbíyẹmí wí, ó sì di ojú rẹ̀ fún àdúrà. Lọ́tẹ̀ yìí, àdúrà náà fúyẹ́.