Omi Ẹsẹ̀ Morufat

Alhaji Jíbrílù ṣì wà láyé nígbà náà, Morufat ìyàwó rẹ̀ kékeré náà ṣì wà láyé, àwọn méjèèjì sì jókòó síwájú dókítà. Ẹ̀yìn wọn ni Àlímọ̀t ìyáálé wà, tó ń wo bí ọkọ rẹ̀ ṣe di ọwọ́ Morufat mú. Ọdún mọ́kànlélógún tó ti fẹ́ òun, kò di ọwọ́ òun mú bẹ́ẹ̀ rí.

Dókítà ní, "A ti gé kókó inú ọyàn yẹn kúrò, ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín. Jẹjẹrẹ kì í dédé dé ibi tó ń lọ. Kó tó kúrò nínú ọyàn, á ti rán ìránṣẹ́ gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á ti tún ibẹ̀ ṣe dè é."

"Bí ìgbà tí wọ́n ń gbálẹ̀ de ìyàwó," ni Àlímọ̀t wí.

"Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, Mà. Oògùn kan wà tí à ń dán wò, bóyá á lè dá àwọn ìránṣẹ́ yẹn dúró. Kò tíì dá wa lójú. Bí àyè bá ṣí, a ó pè yín."

Fóònù Morufat ti bàjẹ́. Nọ́ńbà Àlímọ̀t ni wọ́n fi sílẹ̀.

Àlímọ̀t mọ gbígbálẹ̀ de ìyàwó. Yàrá tó ń kó ẹrù sí ní agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ní kó tún ṣe de Morufat. Ó gbá a. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ní kí ìyáálé bomi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Àmúdàtù aládùúgbò ló bá a fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ajé kan ni ìpè wọlé. "Kí Morufat wá ní Ọjọ́bọ̀ o. Àyè ẹnì kan ló kù." Bó ṣe ń gbọ́ ọ lọ́wọ́ ni Alhaji ti ọjà Jankara dé pẹ̀lú léèsì tuntun. Yàrá Morufat ló yà sí tààrà.

"Ìyáálé mi, ta ló pè?" ni Morufat bi í.

"Wọ́n ṣi nọ́ńbà pè ni."

Àlímọ̀t sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé lọ́la lòun á sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kó tó sọ ọ́, àyè sì ti kún.

"Ẹ gbàgbé ni," ni Morufat wí, ó sì wúkọ́. "Ta ni kì í gbàgbé?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá oògùn náà ìbá ràn án lọ́wọ́. Ohun tó ń jẹ Àlímọ̀t lọ́kàn gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, Morufat kú. Àwọn obìnrin péjọ láti wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó kan ẹsẹ̀, Àlímọ̀t na ọwọ́ gba ife omi.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é," ni Àmúdàtù wí. "Ṣé ẹ rántí ẹ̀yìn yín?"

"Ẹ̀yìn kò dùn mí," ni Àlímọ̀t wí. "Kò dùn mí lọ́jọ́ yẹn náà."

Ó kúnlẹ̀, ó sì bomi sí ẹsẹ̀ ìyàwó.