Kí Afẹ́fẹ́ Òkè Tó Sọ̀ Kalẹ̀

Ìyá Deoksu jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lọ wá olú olówó iyebíye tó máa ń hù lábẹ́ igi páìnì. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n tí kò dé, ọmọ rẹ̀ pè mí. Ìgbà ìkórè ni, òtútù òru lórí òkè wa kì í sì í ṣe kékeré. Arúgbó tó bá sùn síta níbẹ̀ lè má jí mọ́.

Mo mú Meoru, ajá mi tó máa ń fi imú wá èèyàn tó sọnù, dé. Ó gbóòórùn ìrọ̀rí ìyá náà, ó sì gba oko kábéèjì lọ tààrà. Òjò àná ti mú ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, òórùn sì máa ń dì mọ́ ilẹ̀ tútù. Nígbà tí a dé ọ̀nà kọnkéré tí oòrùn ti yan gbẹ, ó pàdánù rẹ̀. Kò bà mí lẹ́rù. Afẹ́fẹ́ máa ń gbá òórùn kúrò lórí kọnkéré sínú koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ibẹ̀ náà ló ti tún un rí.

Etí odò ló dúró sí. Ó lọ, ó bọ̀, ó wá ń wojú mi.

"Ó parí nìyẹn," Deoksu wí. "Inú omi ni Màmá máa ń gbà, kẹ́nikẹ́ni má baà tọ ipasẹ̀ rẹ̀ débi olú."

"Ẹ̀yin náà ò mọ ibẹ̀, Ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi kẹ̀? Bàbá mi kú, kò mọ ibẹ̀. Màmá ní ọjọ́ tóun bá ń kú lọ lòun máa sọ fún mi."

Bàbá Bongsam, aládùúgbò wọn tó ń tẹ̀ lé wa, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká tètè wá a, kó má baà kú láìsọ!"

"Bàbá, ṣé ìyá mi lẹ̀ ń wá ni, àbí olú?"

"Èèyàn ò lè wá méjèèjì pọ̀ ni?" Ó sì lọgun: "Ìyá Deoksu o! Èmi Bongsam ni o!"

Òkè dákẹ́.

Mo tẹ ike pàúdà tí mo fi ń mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Pàúdà náà gbéra, ó ń gun òkè lọ. Oòrùn ti mú ara òkè gbóná, afẹ́fẹ́ sì ń lọ sókè. Bí ìyá náà bá wà lókè wa, òórùn rẹ̀ ń sá fún wa ni. Òkè náà ní apá mẹ́ta. Bí a bá gun èyí tí ìyá náà kò sí, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa níbẹ̀. Mo ní ká dúró kí oòrùn wọ̀ sẹ́yìn òkè, kí afẹ́fẹ́ tutù, kó ṣàn wálẹ̀.

"Ká dúró?" Deoksu wí. "Bó bá jẹ́ ìyá tìẹ ńkọ́?"

Mo ń tẹ ike pàúdà náà ṣáá.

Nígbà tí òjìji òkè bò wá, pàúdà rọra yí padà, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Meoru gbé imú sókè, ó fà wá gba apá àárín. Ó wọ inú kòtò kan tí ewéko kún, ó ń yí po níbẹ̀, ó ń ké. Deoksu fi ọwọ́ méjèèjì tú ewéko náà. Kò sẹ́nì kankan.

Mo ti fẹ́ gbà pé mo ti ṣì í. Àmọ́ afẹ́fẹ́ tútù dà bí omi, kòtò ló máa ń dágún sí. Òórùn ìyá náà dágún síbẹ̀ ni. Òkè ló ti ṣàn wá. Mo fa Meoru jáde gba etí kòtò lápá òkè, ó sì tún mú òórùn náà, ó sáré.

Ìyá náà fẹ̀yìn ti ìdí páìnì, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ti bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó fi bo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

"Màmá! Ẹ ò gbọ́ bá a ṣe ń pè yín ni?"

"Mo gbọ́. Ohùn Bongsam ni mo gbọ́."

"Ẹ wá fẹ́ kú nítorí olú?"

"Ṣé mo kú? Bongsam dà?"

"Mo ní kó dúró sétí odò."

Ó gbé ẹ̀wù náà kúrò lórí olú, ó wọ̀ ọ́. "Wo ibí yìí dáadáa nígbà náà. Mi ò tún gun òkè yìí mọ́." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ, kọ ẹ̀yìn síbí. Ajá yẹn náà."

Nígbà tí a padà détí odò, Bàbá Bongsam bi wá níbi tí a ti rí i. Deoksu, tó pọn ìyá rẹ̀, fi àgbọ̀n júwe apá òkè mìíràn. Bàbá náà fọwọ́ pa Meoru lórí.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o máa bá mi jáde lọ́la?"

Ìkúukùu dúdú ti ń kó jọ lọ́nà òkun. "Òjò ńlá ń bọ̀, Bàbá," mo wí. "Yóò fọ gbogbo òórùn lọ."

"Kó rọ̀ dáadáa," ìyá náà wí lẹ́yìn ọmọ rẹ̀.