Akànmáhàn àti Dùùrù Ọmọ Rẹ̀

"Ṣé bó ṣe máa ń dun gbogbo ẹni tó ń tẹ dùùrù nìyí?"

Ológoṣẹ́ ló béèrè bẹ́ẹ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ àárọ̀. Ọwọ́ òsì ló fi di ife tíì mú. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan, bí ẹni gbé ọmọ tuntun lé ẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì tó ti tutù tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí bàbá máa fọhùn, ohun tó sọ ni pé, "Jẹun tán, kó o lọ jókòó sídìí ẹ̀. Ìdánwò ò ní dúró de ẹnikẹ́ni."

Káfíńtà ni bàbá yìí. Àwọn oníbàárà ló ń pè é ní Akànmáhàn, nítorí bó bá kan pákó méjì pọ̀, kódà ẹni tó mọ pákó wò kò ní rí ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ológoṣẹ́, torí pé láti kékeré lọmọ náà kì í panu mọ́: bí kò bá sọ̀rọ̀, á máa kọrin, bí kò bá kọrin, á máa fi ìka lu ohunkóhun tó bá wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé kan fẹ́ da dùùrù àtijọ́ wọn nù, irú onípákó ńlá tó máa ń dúró ti ògiri bíi kọ́bọ́ọ̀dù, Akànmáhàn ló bá wọn gbé e. Ó tún un ṣe, ó fá a, ó kùn ún, ó gbé e sí pálọ̀. Bí eyín dùùrù ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn nìyẹn, funfun àti dúdú, Ológoṣẹ́ kò sì kúrò nídìí rẹ̀ mọ́.

Ní báyìí, ọmọ ti di ọ̀dọ́bìnrin, ilé-ẹ̀kọ́ orin kan sì ti pè é wá ṣe ìdánwò àtiwọlé. Kò tún sí ohun mìíràn tó ń fẹ́ láyé. Bí ọwọ́ bá sì kọ̀, kò sí ohun tó máa gbé e wọ ibẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí ìpè náà dé gan-an ni páìpù bẹ́ sínú ilé wọn. Omi kún pálọ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Akànmáhàn ká ṣòkòtò sókè, ó gba dùùrù lọ́wọ́ omi bí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ iná, ó sì ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí omi má tún fọwọ́ kàn án mọ́. Ilẹ̀ gbẹ, wọ́n gbàgbé. Ọ̀rọ̀ ìdánwò nìkan ló kù. Dùùrù láàárọ̀, dùùrù lọ́sàn-án, dùùrù títí aládùúgbò fi ń fi ìgbálẹ̀ lu ògiri.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ọrùn ọwọ́ mi ń ta mí."

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

"Èjìká mi náà ti ń le."

"Ọwọ́ ọ̀lẹ ló máa ń tètè dunni. Padà síbẹ̀."

Ológoṣẹ́ padà síbẹ̀. Ọmọ tí kì í panu mọ́ tẹ́lẹ̀ wá panu mọ́. Ó pẹ́ kó tó tún dẹ́nu lé ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ tíì yìí.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó dìde láti palẹ̀ mọ́. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife bàbá rẹ̀. Kì í ṣe pé ife náà yọ̀ bọ́ o. Ńṣe làwọn ìka rẹ̀ là fúnra wọn, bí ìgbà tí okùn bá já. Ife fọ́. Ológoṣẹ́ dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo àlejò.

"Ó tó," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì ti ń wá gèlè. "À ń lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Dókítà náà tẹ ọrùn ọwọ́ náà síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, Ológoṣẹ́ sì ń fà sẹ́yìn. "Iṣan tó gba ibí kọjá ti wú," ni dókítà wí. "Ẹ jẹ́ kó sinmi dáadáa. Bí ẹ bá tún fipá mú un, ọwọ́ yìí lè má padà sí bó ṣe wà mọ́. Ẹ wo bó ṣe ń jókòó náà, irú èyí kì í ṣàdédé wá." Ó gbójú sókè. "Ta ló ń ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ nígbà tó ń dùn ún?"

Akànmáhàn tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì dókítà. Orí ìṣó kan yọ síta níbẹ̀. Ọjọ́ mìíràn, ì bá ti sọ nǹkan nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n padà délé, ìyàwó rẹ̀ ń fi aṣọ di ọwọ́ ọmọ lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá. Kò bojú wẹ̀yìn tó fi sọ ọ́. "Baálé mi, ẹ ò jẹ́ kó yé wa pé ọwọ́ ọmọ mi ni àáké."

Ẹyin lohùn. Akànmáhàn tó lè fi gúlù àti sùúrù mú àga tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ padà bọ̀ sípò, kò rí gúlù tó lè mú "ọwọ́ ọ̀lẹ" padà sẹ́nu. Ó gbọ́ ọ nínú ìró òòlù. Ó gbọ́ ọ nínú ayùn. Bó bá rí ọmọ rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ òsì de bọ́tìnì aṣọ, á jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti lọ wo nǹkan tí kò sí níbẹ̀.

Ohun tó tún wá ta kókó ni ọ̀rọ̀ Màmá Tíṣà. Ìyá àgbàlagbà yìí ló ń kọ́ Ológoṣẹ́ ní dùùrù. Nígbà tó gbọ́, ó mirí títí.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi. Nílé mi, ọmọ yìí lè tẹ dùùrù títí èmi tí mò ń gbọ́ á fi sùn, mi ò rí i kó fọwọ́ pa èjìká rí. Mo kọ́ ọ: kí èjìká wà nílẹ̀, kí apá tẹ́jú láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́ bíi pákó tí wọ́n gbé sórí tábìlì, kó sì máa dìde gbọn ọwọ́ nù kó tó bẹ̀rẹ̀ orin mìíràn. Kí ni ẹ̀yin wá ń ṣe fún un nílé?"

Akànmáhàn mọ ohun tóun ń ṣe fún un nílé. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò jẹ́ kó dákẹ́. Bó bá jẹ́ pé títẹ̀ jù nìkan ni, kí ló dé tí ilé tíṣà kì í fa á? Irú dùùrù kan náà ni, orin kan náà, ọmọ kan náà. Ó rántí ìgbà tóun ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ga bí ọ̀pẹ, tábìlì iṣẹ́ ọ̀gá sì ga bí ọ̀gá. Kí ó tó gba òmìnira, èjìká rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé apá mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi gé tábìlì iṣẹ́ tirẹ̀ mọ ìbàdí ara rẹ̀, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i padà.

Àga ni. Ó ní láti jẹ́ àga.

Ó mú tépù, ó lọ sílé Màmá Tíṣà, ó kúnlẹ̀ wọn àga tó wà nídìí dùùrù rẹ̀. Màmá Tíṣà dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wò ó. "Ẹ fẹ́ rán aṣọ fún un ni?"

"Rárá, Mà. Mo fẹ́ dá a lẹ́jọ́ ni."

Ó padà sílé, ó wọn tiwọn. Bákan náà ni wọ́n rí, kò fi irun orí kan yàtọ̀. Ó yẹ kínú rẹ̀ dùn, nítorí òun ló kan àga náà. Ṣùgbọ́n ńṣe ló jókòó lé e lórí, tépù lọ́wọ́, tó ń wo eyín dùùrù. Bí àga kò bá jẹ̀bi, ta ló kù? Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ẹnu òun sì ni ìka náà. Ó fi aṣọ bo dùùrù bí ẹni bo òkú.

Ọwọ́ sinmi, wíwú náà sì wálẹ̀. Ìdánwò ń sún mọ́lé. Màmá Tíṣà ní kí Ológoṣẹ́ wá gbìyànjú díẹ̀díẹ̀ lọ́dọ̀ òun, kó máa sinmi lóòrèkóòrè. Ọmọ lọ, ó padà dé, ó ń kọrin láti ẹnu géètì.

"Kò dùn mí, Bàbá. Kò dùn mí rárá."

Bàbá rẹ̀ sáré ká aṣọ kúrò lórí dùùrù. "Wá, jẹ́ n gbọ́. Díẹ̀ báyìí o. Bó o bá ti rẹ̀ ẹ́, dìde." Ó wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin.

Ológoṣẹ́ bọ́ sálúbàtà rẹ̀ síbi tó máa ń bọ́ ọ sí, lórí pákó pẹlẹbẹ tó wà níwájú àwọn irin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nísàlẹ̀ dùùrù. Ó jókòó. Orin náà jáde, ó dùn, bàbá rẹ̀ sì di ojú. Kó tó dé ìdajì, ọwọ́ ọ̀tún dúró. Nígbà tí bàbá lajú, ọmọ ń fi ọwọ́ òsì pa ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, ó sì ń gbìyànjú láti má jẹ́ kí bàbá rẹ̀ rí i.

"Mo ti sinmi jù ni," ni Ológoṣẹ́ wí. "Ọ̀lẹ ti wọ̀ mí lára."

Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ọmọ dá padà fún un yẹn, láìbínú, bí ẹni dá abẹ́rẹ́ padà fún oníǹkan. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Akànmáhàn wo ẹ̀yìn, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọmọ rẹ̀.

"Kì í ṣe ọ̀lẹ," ló wí. "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi ni mo sọ ọ́, èmi ni kò mọ̀ ọ́n sọ."

Ológoṣẹ́ fi orí kan orí bàbá rẹ̀ díẹ̀, ó sì dìde.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Tíṣà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ó ní òun kò lè máa gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ẹnìkan, òun fẹ́ rí ibi tí ìjà ti ṣẹlẹ̀. Ìyá Ológoṣẹ́ gbé omi fún un, ó mu ún, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àga, ó na ọwọ́ sí eyín dùùrù. Kò tíì tẹ nǹkan kan tó fi dúró.

"Dùùrù yín ń wò mí láti òkè."

"Àga ni, Mà?" ni Akànmáhàn wí. "Ẹ̀yin náà ṣáà wà níbẹ̀ nígbà tí mo wọ̀n ọ́n. Ọ̀kan náà ni."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ àga?" Ó wolẹ̀, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbá pákó pẹlẹbẹ náà. "Kí ni èyí ń ṣe níbí?"

"Mo kàn án fún ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, kó lè máa tó irin yẹn."

"Kí ló dé tí kò fi tó o? Nílé mi, ilẹ̀ lásán ló ń gbé gìgísẹ̀ lé, ó sì ń tó o."

Akànmáhàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo pákó náà. Pákó náà ti wà níbẹ̀ látìgbà... látìgbà wo? Gbogbo wọn ló ń rí i. Ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀ yí i ká láràárọ̀. Ológoṣẹ́ ń bọ́ sálúbàtà sórí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kàn án, lọ́sẹ̀ tí páìpù bẹ́, nígbà tí ọmọ sọ pé irin ìtẹ̀ ti jìnnà sókè. Ó rí sí ẹsẹ̀, kò rántí pé ọwọ́ wà.

Ó lọ kúnlẹ̀ nísàlẹ̀ dùùrù. Ó fi àtàǹpàkò wá ẹsẹ̀ rẹ̀ láti òkè wálẹ̀, lọ́ra, bí afọ́jú. Kùn kan náà, àwọ̀ kan náà, dídán kan náà. Nítòsí ilẹ̀, èékánná rẹ̀ kọ́ ìlà kan tó tín-ín-rín ju òwú lọ. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ ní ìbú sí abẹ́ ìlà náà. Ìka mẹ́rin gún régé láàárín ìlà àti ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lẹ́sẹ̀ kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí lẹ́yìn, kò nílò àtilọ wò ó. Òun ló gé àwọn pákó ìtẹ́lẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí omi má bàa dé ara dùùrù mọ́, òun ló fi gúlù lẹ̀ wọ́n, tó fi sáńpépà fá wọn, tó kùn wọ́n títí wọ́n fi di ara ẹsẹ̀ dùùrù. Ó gbé dùùrù sókè, ó sì fi àga sílẹ̀ níbi tó wà. Látìgbà náà ni ọmọ rẹ̀ ti ń nàgà sí orin, tó ń gbé èjìká, tó ń ká ọrùn ọwọ́ sókè, tí òun sì ń pè é ní ọ̀lẹ.

"Bàbá, kí lẹ rí?" Ológoṣẹ́ ti wá kúnlẹ̀ tì í.

Akànmáhàn mú ọwọ́ ọ̀tún ọmọ rẹ̀, ó rọra fi àwọn ìka náà sójú ìlà.

Ológoṣẹ́ fi ìka wá a lọ, wá a bọ̀. Ó tẹ orí sún mọ́ ọn.

"Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni bàbá rẹ̀ wí. "Èmi ni mo kàn án."